Ọ̀nà Àbọ̀ Láti Etíkun Sancho

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní wọ́n bi Ìjàpá pé ìgbà wo ni yóò ti àjò dé, ó ní ó di ìgbà tí òun bá tẹ́. Ẹ̀rín ni àwọn ọmọdé máa ń fi ọ̀rọ̀ náà rín, ṣùgbọ́n àròjinlẹ̀ wà nínú rẹ̀ fún àgbà. Ìrìn àjò kì í ṣe ti àlọ nìkan. Ẹni tí ó bá jáde nílé tí kò mọ ọ̀nà tí yóò gbà padà kò tíì mọ irú ìrìn tí òun ń rìn. Ó lè jẹ́ ìgbafẹ́, ó sì lè jẹ́ ìgbèkùn. Etíkun kan wà ní ilẹ̀ Bùràsíìlì tí ó fi òtítọ́ yìí hàn kedere. Baía do Sancho ni wọ́n ń pè é. Ibi tí òkun bá ti ya wọ inú ilẹ̀ ni àwọn Potogí ń pè ní baía. Abẹ́ ògiri àpáta gíga kan ni etíkun náà fara pamọ́ sí, àkàbà irin tí wọ́n gbé kalẹ̀ sínú pàlàpálá àpáta sì ni ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ rìn ń gbà dé ibẹ̀.

Erékùṣù Fernando de Noronha ni etíkun náà wà. Erékùṣù ńlá àti kéékèèké 21 ni ó para pọ̀ ń jẹ́ orúkọ yìí, gbogbo wọn lápapọ̀ kò sì ju nǹkan bíi kìlómítà onígun mẹ́rin 26 lọ. Abẹ́ ìpínlẹ̀ Pernambuco ni wọ́n wà, bẹ́ẹ̀ ni Recife tí í ṣe olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà jìnnà sí wọn tó nǹkan bíi kìlómítà 545. Àárín agbami Àtìláńtíìkì ni wọ́n dá wà sí. Ohun tí ojú ń rí lókè omi kì í ṣe gbogbo ara wọn. Ṣóńṣó orí òkè oníná àtijọ́ kan ni wọ́n jẹ́, ẹsẹ̀ òkè náà sì wà nísàlẹ̀ òkun, ní nǹkan bíi mítà 4,000 sí ojú omi. Nítorí pé kò sí odò ńlá kan tí ó ń da ẹrẹ̀ sínú òkun nítòsí ibẹ̀, omi wọn mọ́ gaara. Ní ìgbà tí òkun bá rọlẹ̀, pàápàá láti oṣù Kẹjọ sí oṣù Kẹwàá, ẹni tí ó wà lójú omi lè máa ka àwọn òkúta tí ó wà nísàlẹ̀.

Oṣù Kẹsàn-án ni olùkọ́ obìnrin kan láti Recife mú ìyá rẹ̀ lọ síbẹ̀. Ìyá náà ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ọmọ ilé àwọn ẹlẹ́sìn Nàgó ni, Yemọja ni wọ́n sì ń bọ nílé náà. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n gbé ẹ̀sìn yìí dé Recife, àwọn àtọmọdọ́mọ wọn kò sì jẹ́ kí ó parun. Ọjọ́ pẹ́ tí ìyá yìí ti ń gbọ́ ìròyìn etíkun náà. Ó fẹ́ kó òdòdó funfun dání láti fi jíṣẹ́ fún òkun, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ti ṣàlàyé fún un pé òfin kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti fi ohunkóhun sílẹ̀ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti mú ohunkóhun kúrò, ìbáà ṣe ìkarahun kan. Ìyá náà rò ó títí, ó ní kò burú. Ó ní ẹnu òun kì í ṣe ìdọ̀tí, òun yóò fi kí ìyá òun.

Láti ẹnu ibodè, ọ̀nà onípákó gba inú igbó kúkúrú kọjá títí dé etí ògiri àpáta. Ibẹ̀ ni ibi ìwòran wà. Ẹni tí ó bá gbára lé ọgbà ibẹ̀ tí ó sì wolẹ̀ yóò rí etíkun náà nísàlẹ̀ réré, iyanrìn rẹ̀ tẹ́ lọ bí abala òṣùpá, omi tí ó kàn án mọ́ bí omi àmù, lẹ́yìn náà ó di aláwọ̀ ewé, lẹ́yìn náà ó dúdú bí aró. Ní apá ọ̀tún, lọ́wọ́ òkèèrè díẹ̀, àpáta méjì tí wọ́n jọ ara wọn dúró láàrin omi. Arákùnrin Méjì ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè wọ́n. Yorùbá tí ó bá rí wọn kò ní ṣàì pè wọ́n ní Táyé àti Kẹ́hìndé. Ìyá náà wo gbogbo rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sí òkun, ó ní, “Odò Ìyá!” Ohùn Bùràsíìlì ni ó fi pè é, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò gbọ́ ọ tí yóò béèrè ìtumọ̀ rẹ̀.

Orúnkún ìyá náà kò gbà á láti gun àkàbà. Ọmọ rẹ̀ wá àga pákó kan fún un lábẹ́ ibòòji.

“Màmá, ẹ jókòó síbí. N kò ní pẹ́ rárá.”

“Máa lọ, ọmọ mi. Rọra o. Ojú mi ń bá ọ lọ.”

Ẹnu pàlàpálá náà kò fẹ̀ ju ibi tí ènìyàn kan ṣoṣo lè gbà wọlé lọ. Ẹni tí ó sanra ní láti fa ikùn mọ́ra. Nítorí èyí, wọ́n ya wákàtí ìsọ̀kalẹ̀ sọ́tọ̀, wọ́n sì ya wákàtí ìgòkè sọ́tọ̀, kí ẹni tí ó ń bọ̀ àti ẹni tí ó ń lọ má baà pàdé lórí irin. Àkàbà àkọ́kọ́ wọ inú àpáta lọ tààrà bí ẹni ń wọ kànga. Ìmọ́lẹ̀ ń dínkù, òkúta ń tutù léjìká, ẹsẹ̀ ń wá àtẹ̀gùn irin tí ojú kò rí. Àkàbà kejì tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àtẹ̀gùn tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta, ó pọ̀ níye, ó sì ń yí lọ yí bọ̀ lára ògiri náà títí ó fi dé orí iyanrìn. Gíga ògiri náà ju ti ilé alájà mẹ́wàá lọ. Olùkọ́ náà kò wo ìsàlẹ̀, kò sì wo òkè. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó ń wò. Ọkùnrin tí ó wà lókè orí rẹ̀ ń kẹ́dùn pé ọ̀nà náà pẹ́ jù. Èyí tí ó wà nísàlẹ̀ ti dákẹ́ láti ìgbà tí ó ti wọlé. Báyìí ni àpáta náà ṣe ń sọ àwọn ènìyàn tí wọn kò mọ ara wọn rí di ẹgbẹ́. Bí ẹni ìsàlẹ̀ bá dúró, ẹni òkè gbọ́dọ̀ dúró. Bí ẹni òkè bá kánjú, orí ẹni ìsàlẹ̀ ni yóò fi tẹ̀.

Kò sí ilé ìtajà kankan lórí iyanrìn náà. Kò sí àga, kò sí orin, kò sí ẹni tí ń polówó àgbọn. Ohun tí àlejò bá fẹ́ mu, òun ni yóò gbé e sọ̀kalẹ̀, òun náà ni yóò sì gbé ike rẹ̀ gòkè. Àárín etíkun náà jẹ́ iyanrìn lásán; apá ọ̀tún àti apá òsì ni àpáta wà nínú omi, níbẹ̀ sì ni ẹja pọ̀ sí. Olùkọ́ náà wọ ẹ̀wù tí ń múni léfòó, ó fi dígí bo ojú àti imú, ó sì ti ọ̀pá oníhò tí a fi ń mí bọ ẹnu. Ó mọ ìlúwẹ̀ẹ́ níwọ̀nba, ṣùgbọ́n mímí pẹ̀lú ojú nínú omi jẹ́ ohun tí ara ń kọ̀. Láti ìgbà èwe ni ara ti kọ́ pé bí ojú bá wọ omi, kí èémí dúró. Ìgbà mẹ́ta ni ó gbé orí sókè kí ó tó gbà pé ọ̀pá náà kò ní tan òun jẹ. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Ẹni tí ó bá ń bá omi jà ni ó ń rẹ̀. Nígbà tí ó jọ̀wọ́ ara rẹ̀ tí ó dojú bolẹ̀ lórí omi, omi náà gbé e.

Ohun tí ó rí kò ní ariwo. Ẹja kéékèèké oníyẹ́lò àti dúdú ń jẹ ewé ara òkúta. Agbo ẹja fàdákà kan yà sọ́tùn-ún, ó yà sósì, bí ẹni pé ọkàn kan ṣoṣo ni ó ń darí wọn. Lẹ́yìn náà ni ìjàpá òkun kan yọ láti ẹ̀yìn àpáta. Ó tóbi ju abọ́ ìfọṣọ lọ. Ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe bí ìyẹ́, kò yára, kò sì bẹ̀rù. Ó gbé orí sí ojú omi, ó mí lẹ́ẹ̀kan, ó sì padà sísàlẹ̀. Olùkọ́ náà rí i pé àwọn méjèèjì ni wọ́n ń wá afẹ́fẹ́ kan náà. Òfin ní kí ènìyàn má fọwọ́ kàn án, kí ó má sì lépa rẹ̀. Kò lépa rẹ̀. Ó dúró sí ibi tí ó wà títí ìjàpá náà fi wọ inú aró lọ.

Nígbà tí ó gòkè padà tí òógùn bò ó, ìyá rẹ̀ ṣì jókòó síbi tí ó fi í sí. Ó ròyìn gbogbo ohun tí ó rí. Ìyá náà gbọ́ ọ tán, kò tètè sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè ìbéèrè kan: “Àwọn ẹlẹ́wọ̀n ńkọ́? Ṣé àwọn náà lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀?”

Ìbéèrè náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbàlagbà lásán, nítorí pé ọgbà ẹ̀wọ̀n ni gbogbo erékùṣù náà jẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ní ọdún 1503 ni ọkọ̀ ojú omi Amerigo Vespucci dé ibẹ̀. Ní ọdún 1504 ni ọba ilẹ̀ Potogí fi erékùṣù náà ta Fernão de Loronha lọ́rẹ, oníṣòwò tí orúkọ rẹ̀ wá di orúkọ ilẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni ìtàn kò fi hàn pé ọkùnrin náà fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ rí. Láti ọdún 1737 ni àwọn Potogí ti tẹ̀dó síbẹ̀ tọwọ́tẹsẹ̀, tí wọ́n sì ń kọ́ odi ìdáàbòbò. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ náà. Àwọn ni wọ́n gbẹ́ òkúta, àwọn ni wọ́n la ọ̀nà, àwọn ni wọ́n gbé ìbọn ńlá gun orí òkè. Nígbà tí Charles Darwin dé ibẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 1832, igbó ni ó bá. Àwọn aláṣẹ ọgbà ẹ̀wọ̀n gé púpọ̀ nínú igi ibẹ̀ lulẹ̀, kí ẹlẹ́wọ̀n má baà rí ibi sá pamọ́ sí, kí ó má sì rí pákó tí yóò fi kan ọkọ̀ sá lọ. Igbó kúkúrú tí àlejò ń gbà kọjá lónìí ń jẹ́rìí sí i.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn ọmọ adúláwọ̀ gan-an. Lẹ́yìn tí wọ́n fòpin sí oko ẹrú ní Bùràsíìlì ní ọdún 1888, tí wọ́n sì gba ìjọba lọ́wọ́ ọba ní ọdún 1889, ìjọba tuntun dojú kọ àwọn tí ń ta capoeira ní ìgboro Rio de Janeiro. Ìjàkadì olórin àti oníjó yìí jẹ́ ohun tí àwọn ẹrú láti ilẹ̀ Áfíríkà àti àwọn ọmọ wọn ṣẹ̀dá. Sampaio Ferraz tí í ṣe ọ̀gá ọlọ́pàá kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn, ó sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí Fernando de Noronha. Òfin ìwà ọ̀daràn ti ọdún 1890 wá sọ capoeira fúnra rẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kó ènìyàn lọ sí àárín agbami nígbà náà ni àjọ UNESCO kà mọ́ ogún àṣà gbogbo ayé ní ọdún 2014. Ẹ̀wọ̀n náà kò sì mọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tálákà nìkan. Láti ọdún 1938 sí 1942, àwọn alátakò ìjọba ni wọ́n kó síbẹ̀, Carlos Marighella sì wà lára wọn. Ní ọdún 1964, nígbà tí àwọn ológun gbàjọba, Miguel Arraes tí í ṣe gómìnà Pernambuco gan-an ni wọ́n gbé lọ tì mọ́ ibẹ̀.

Òkun tí àwọn wọ̀nyí rí náà ni àwọn àlejò ń rí lónìí. Àwọ̀ omi náà kò yí padà. Oòrùn a máa wọ̀ lẹ́yìn Arákùnrin Méjì nígbà náà bí ó ti ń wọ̀ báyìí. Bóyá ẹlẹ́wọ̀n kan tilẹ̀ lúwẹ̀ẹ́ lábẹ́ àpáta náà, bóyá omi náà sì tù ú lára. Ṣùgbọ́n omi tí ó yí ènìyàn ká tí kò lè rékọjá kì í ṣe omi ìgbafẹ́, bí ó ti wù kí ó mọ́ tó. Ògiri ni. Láìfọ̀tápè, ohun tí ó ya àlejò oṣù Kẹsàn-án sọ́tọ̀ sí ẹlẹ́wọ̀n ọdún 1890 kì í ṣe ojú tí ó fi ń wòran. Àkàbà ni, ìwé ọkọ̀ òfurufú àbọ̀ tí ó wà nínú àpò ni. Ẹwà ibi kan kò pé fún ẹni tí kò lè kúrò níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí tún ní apá kejì. Bí ẹni tí ó lè kúrò bá pọ̀ jù, tí oníkálukú sì ń ṣe bí ó ti wù ú, ibi náà yóò bàjẹ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1988 ni ìjọba sọ apá tí ó pọ̀ jù nínú erékùṣù náà, Sancho pẹ̀lú, di ọgbà ìdáàbòbò ẹ̀dá inú òkun. Ọdún yẹn kan náà ni ilẹ̀ náà padà sábẹ́ Pernambuco. Ní ọdún 2001, UNESCO kà á mọ́ ogún àgbáyé. Àlejò ń san owó ìdáàbòbò àyíká gẹ́gẹ́ bí iye ọjọ́ tí yóò lò, ó sì tún ń san owó ìwọlé ọgbà náà. Ní ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ àti ìjọba ìpínlẹ̀ fi ẹnu kò pé iye àlejò kò gbọdọ̀ ju 132,000 lọ lọ́dún. Àwọn olùgbé ibẹ̀ kò ju nǹkan bíi 3,000 lọ, nítorí náà iye yìí kò kéré.

Àwọn kan ń ráhùn pé owó náà ti sọ ibẹ̀ di ti olówó, ìráhùn náà kì í sì í ṣe irọ́. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ní Recife ni yóò tọ́jú owó fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó lè mú ìyá rẹ̀ dé ibẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n fi tipátipá kó tálákà lọ tẹ́lẹ̀ ti di ilẹ̀ tí tálákà kò lè dé. Èyí jẹ́ ohun tí ó yẹ kí àwọn aláṣẹ wò dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sọ pé nítorí èyí kí wọ́n yọ gbogbo ìdènà kúrò, kí wọ́n gbẹ́ ọ̀nà ńlá gba inú àpáta, kí wọ́n kọ́ ilé ìtura sórí iyanrìn, kò tíì gba ti tálákà rò. Ibi tí yóò bá lọ kò ní sí mọ́ ní ọjọ́ tí ó bá débẹ̀. Ohun tí Yorùbá ń pè ní èèwọ̀ kò jìnnà sí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní Sancho. Odò tí wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má dẹ̀ ẹja rẹ̀, igbó tí wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ṣá igi rẹ̀, àwọn ni wọ́n ṣẹ́ kù nígbà tí àwọn yòókù ti tán. Ìyá tí ó fi òdòdó rẹ̀ sílẹ̀ nílé kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ ní èyí.

Láti oṣù Kejìlá títí dé oṣù Keje, òfin kan wà tí ó ju gbogbo òfin ibẹ̀ lọ. Bí ó bá ti di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kò gbọdọ̀ sí ènìyàn kankan ní Sancho títí di aago mẹ́fà òwúrọ̀. Àkókò náà ni àwọn abo ìjàpá òkun ń gòkè wá yé ẹyin. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń wọ́ ara rẹ̀ lórí iyanrìn, ó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbẹ́ kòtò, ó ń yé ẹyin tí ó lè lé ní ọgọ́rùn-ún, ó ń bò ó mọ́lẹ̀, ó sì ń padà sínú omi kí ilẹ̀ tó mọ́. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì, àwọn ọmọ yóò jáde ní òru, wọn yóò sì sáré lọ sínú òkun. Ó lè gba ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kí abo kan nínú wọn tó dàgbà tó láti yé ẹyin. Bí ó bá wá tó àkókò, agbègbè tí wọ́n ti pa á ni yóò wá padà, láti ọ̀nà jíjìn réré. Ìjàpá inú àlọ́ ní ó di ìgbà tí òun bá tẹ́ kí òun tó padà. Ìjàpá Sancho kò dúró de ìtìjú. Ohun tí ó ń béèrè lọ́wọ́ ènìyàn kò ju pé kí wọ́n gun àkàbà wọn padà sílé lákòókò, kí ó lè bá iyanrìn rẹ̀ nílẹ̀.